Ta Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Gúdúmà?

Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí inú ń bí ní Jos, má wulẹ̀ dé ilé ìjọba. Lọ sí ìdí kànga dẹ̀rọ láàárọ̀ ọyẹ́.

Ní Layin Mangwaro, àdúgbò kékeré kan lẹ́yìn Bauchi Road, kànga dẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń bù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin á ti to kẹ́ẹ̀gì wọn sí ìlà. Ẹni tí kò bá lè dúró á fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, á padà lọ sílé lọ wẹ ọmọ. Kẹ́ẹ̀gì ló ń bá a dúró. Kò sí ẹni tí í gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíràn kúrò ní àyè rẹ̀, bí ìyá wọn ṣe ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, omi ò sì tíì kán. Ẹ̀wọ̀n wà lára ẹ̀rọ náà, àgádágodo mẹ́ta ló sì wà lára ẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Bàbá Richard Bámgbóṣé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Rélùwéè. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Mama Kaneng, ọmọ Berom tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ìkẹta wà lọ́wọ́ Alhaji Hámzàt, télọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Jos. Àfi kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí ẹ̀rọ tó ṣí. Bàbá Rélùwéè ti dé. Mama Kaneng ti dé. Alhaji Hámzàt ni wọn ò rí.

"Haba! Òní náà tún ni?"

Fẹ́yìsayọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ìyá Inúmidùn ni wọ́n ń pè é, ògì ló sì ń ṣe. Òun ló ń tà á fún àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ mímu fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àgbàdo tó ti lọ̀ wà nílé nínú gàráwà, ó ń retí omi tí wọ́n máa fi sẹ́ ẹ. Bó bá pẹ́ jù, á kan kọjá bó ṣe yẹ, àwọn oníbàárà á sì lọ bá ẹlòmíràn. Ògì yẹn ni wọ́n ń jẹ nílé, òun náà ni wọ́n fi ń rán Inúmidùn níwèé.

"Alhaji lọ sí Bauchi lọ ra aṣọ," ni Mama Kaneng fi èdè Hausa tí gbogbo wọn jọ ń sọ dáhùn.

"Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí Bauchi? Kai! Ṣé kí n di àgbàdo mi ránṣẹ́ sí i níbẹ̀ ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ọwọ́ wọn ti dì nínú òtútù.

"Káńsẹ́lọ̀ tí a dìbò fún, a ò rí i," ni Fẹ́yìsayọ̀ ń bá a lọ. "Alága, a ò rí i. Iná kú, wọ́n ní ká kọ̀wé. A kọ̀wé, wọ́n ní ká dúró. Àwa náà wá fi àgádágodo mẹ́ta há omi ara wa mọ́. Ìpàdé, ìpàdé, ìpàdé! Omi ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ìpàdé mọ́!"

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwa tí a ń sọ ìtàn yìí ò ní bá Fẹ́yìsayọ̀ jà nítorí ohun tó sọ. Òótọ́ ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó yẹ kó dá a lóhùn ti gbàgbé rẹ̀, inú sì ń bí àwa náà fún un.

Ẹni tó wá dá a lóhùn ni ká sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Jíìpù dúdú kan yà wọ àdúgbò, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Olúgbóyèga ló sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin gbàgùdù tó ti ṣe alága ní gáréèjì rí, tó wá ń dupò káńsẹ́lọ̀ báyìí. Gúdúmà ni wọ́n ń pè é. Òòlù nìyẹn lédè Hausa. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn orúkọ náà débi pé òòlù ló gbé dání nínú gbogbo pósítà rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, èyí tó ti mú agbaṣẹ́ṣe kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò dára, tó ní kó kúnlẹ̀ sínú gọ́tà tó gbẹ́ láàbọ̀. Àwọn kan wo fídíò náà títí dátà fi tán lórí fóònù wọn.

"Ta ló ń fìyà jẹ àwọn ìyá mi?" ni Gúdúmà kígbe.

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò jẹ́ kí wọ́n parí. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mú òòlù jáde, ó sì rọ́ ọ lu àgádágodo Alhaji Hámzàt. Ìgbà tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó já bọ́. Bàbá Rélùwéè àti Mama Kaneng wo ara wọn, wọ́n sì ṣí tiwọn. Omi yọ.

Ariwo tí àwọn obìnrin pa lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ní Gyel lọ́hùn-ún, lọ́nà Bukuru. Fẹ́yìsayọ̀ jó. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lérí, ó sì ń jó lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò. Gúdúmà dúró láàárín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò ní gùn lọ́rọ̀. Ẹ yọ àgádágodo játijàti wọ̀nyí kúrò. Ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má bi mí léèrè ohunkóhun, èmi náà ò ní bi yín. Ọjọ́ tí omi ò bá yọ, kí ẹ wá bọ́ fìlà lórí mi. Bí mo bá sì di káńsẹ́lọ̀, bí mo ṣe máa ṣe gbogbo wọ́ọ̀dù yìí nìyẹn!"

"Gúdúmà! Gúdúmà!"

Bàbá Rélùwéè dìde. Ọjọ́ orí ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì tètè dìde tán.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ló wí. "Bí kò bá wá tẹ́ wa lọ́rùn mọ́, báwo ni a ó ṣe gba kọ́kọ́rọ́ náà padà?"

Gúdúmà rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi bí ọkọ́ síta. "Bàbá, inú ọwọ́ yìí lẹ ti fẹ́ gba nǹkan?"

Ẹ̀rín pa àwọn ènìyàn. Fẹ́yìsayọ̀ wá bọ́ síwájú.

"Bàbá Rélùwéè, ẹ má bínú o. Rélùwéè tiyín ti kú. Ẹ jẹ́ kí omi tiwa wà láàyè. Èmi Ìyá Inúmidùn, mo dá a lábàá pé kí á gbé kọ́kọ́rọ́ fún Gúdúmà!"

Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́tùn-ún lósì. Bàbá Rélùwéè yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ sílé láìbá ẹnikẹ́ni jà.

Ká má parọ́, omi ń yọ. Ní gbogbo àárọ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣí, ìlà sì gún. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Gúdúmà ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú pàṣán. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ já ìlà, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dé ẹnu títì. Fẹ́yìsayọ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ògì rẹ̀ funfun, ó kúnná, oníbàárà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

"Mama, ai ọkùnrin yẹn ń bà mí lẹ́rù," ni Inúmidùn wí lọ́jọ́ kan. Hausa ló yọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Ìbẹ̀rù ni ìlú yìí nílò," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹni tí kò bá ṣe nǹkan burúkú, kí ló fẹ́ bẹ̀rù?"

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Kò pẹ́ tí Gúdúmà fi pàṣẹ kan. Ó ní nítorí pé Alhaji Hámzàt ti fi àkókò ará ìlú ṣòfò, Alhája Mojọlá, ìyàwó rẹ̀, ni yóò máa gbẹ̀yìn ìlà títí òun yóò fi ní ó tó. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì Alhája Mojọlá kúrò láyè rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́yìn. Ẹ rántí pé láti ayé àwọn ìyá wọn, kò sí ẹni tí í gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíràn ní Layin Mangwaro.

Alhája Mojọlá yíjú padà. Ó kàn ń wo ojú àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Fẹ́yìsayọ̀, Fẹ́yìsayọ̀ wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró rẹ̀ ró. Láti ọjọ́ náà, bó bá fi máa kan Mojọlá, wọ́n á ti ti ẹ̀rọ pa. Ó di ẹni tí ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, àwọn tó ń ti omi kiri lórí ọmọlanke.

Ìbò wá ń sún mọ́lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà gun orí sìmẹ́ǹtì ìdí ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan kó káàdì ìdìbò wọn wá. Ọ̀gá á bá yín tọ́jú ẹ̀ títí di ọjọ́ ìbò, kó lè mọ àwọn ènìyàn ẹ̀. Ilé tí kò bá kó tiẹ̀ wá, a jẹ́ pé omi ò kàn án."

Àwọn kan kó o wá lọ́jọ́ náà gan-an. Fẹ́yìsayọ̀ sáré lọ sílé. Ó bá Timothy, ọkọ rẹ̀, níbi tó ti ń tú jẹnẹrétọ̀ kan tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe. Timothy ló ń tọ́jú ìwé àti káàdì gbogbo ilé.

"Bàbá Inúmidùn, ẹ dákun, ẹ gbé káàdì wa fún mi."

"Káàdì wo? Fún kí ni?"

Ó ṣàlàyé. Timothy ju sípánà sílẹ̀.

"Mi ò ní gbé e jáde. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba káàdì ìdìbò ẹlòmíràn pamọ́. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi."

"Ṣé rédíò ló máa bá mi sẹ́ ògì?"

"Ìyá Inú, gbọ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ ó gbọ́ mi! Mo ti lọ àgbàdo púpọ̀ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé, gbogbo àwọn ẹlẹ́kọ ló ní kí n gbé ìlọ́po méjì wá. Ike pélébé lásán ni káàdì yẹn! Ìgbà wo ló fún wa ní nǹkan rí?"

"Bó bá jẹ́ ike lásán ni, kí ni Gúdúmà fẹ́ fi ṣe?"

Inú tún bí Fẹ́yìsayọ̀ sí i. Ó gbá ilẹ̀ tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Gúdúmà fúnra rẹ̀ ló jókòó nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó kan Fẹ́yìsayọ̀, ó na ọwọ́.

"Káàdì dà?"

"Ọ̀gá, ẹ fojú fò mí lónìí, don Allah. Bàbá ọmọ mi ló ń ṣagídí, mo máa bá a sọ̀rọ̀. Àgbàdo mi á bàjẹ́."

"Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn."

"Ọ̀gá! Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún yín ni?"

"Ìwọ ni," ni Gúdúmà dáhùn, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "O ṣé. Ọwọ́ mi ló wà báyìí."

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Kẹ́ẹ̀gì Fẹ́yìsayọ̀ fò kọjá lórí ìlà, ó lọ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mojọlá. Ó wo àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ jó lọ́jọ́sí. Olúkúlùkù wọn ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan ń tún ìró ró. Fẹ́yìsayọ̀ mọ ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe, nítorí pé òun náà ti ṣe é rí.

Àgbàdo ọjọ́ náà kan, ó sì rùn. Ẹlẹ́dẹ̀ Mama Kaneng ló jẹ ẹ́. Àwọn ẹlẹ́kọ dúró dè é títí, wọ́n sì lọ ra ògì níbòmíràn. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó ti gàráwà òfìfo, ó sunkún, Inúmidùn sì dúró tì í. Ìgbà tó nu ojú rẹ̀ tán, kò lè jókòó mọ́. Ó gba ilé Bàbá Rélùwéè lọ.

Bàbá ń yá oòrùn níwájú ilé.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ bá mi wí. Ẹ ní ẹ ti sọ ọ́. Ó tọ́ sí mi."

"Jókòó, ọmọ mi. Ìbáwí ò lè sẹ́ ògì." Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "O mọ ìdí tí mo fi ní kí àgádágodo jẹ́ mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga yẹn?"

"Rárá, sà."

"Rélùwéè ló kọ́ mi. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín Jos àti Bukuru. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí ẹ̀, òkú sùn. Nítorí náà, irin kékeré kan wà tí à ń pè ní tókìn. Dírẹ́bà tí kò bá ní in lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ gbéra. Àpótí la sì tì í mọ́. Èmi tí mo wà ní tésàn Jos ò lè dá yọ ọ́, àfi bí ẹni tó wà ní Bukuru bá tẹ tirẹ̀ lọ́hùn-ún pé ọ̀nà ṣófo. Àwọn dírẹ́bà ń bú wa! Wọ́n ní à ń fi àkókò ṣòfò, pé àwọn mọ ọkọ̀ wà. Òótọ́ ni, wọ́n mọ ọkọ̀ wà. Kì í ṣe torí pé dírẹ́bà burú la fi ṣe é. Torí pé ẹni tó dára náà lè ṣe àṣìṣe ni, ẹni tó dára lónìí sì lè yí padà lọ́la."

"Ṣùgbọ́n Bàbá, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta yẹn ń pẹ́ jù! Ìyà jẹ wá."

"Ìyà jẹ yín, ẹ̀bi àwa tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa sì ni." Bàbá mi orí. "Ní rélùwéè, bí ọ̀gá tésàn bá ń ṣàìsàn, igbákejì rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa ò yan igbákejì. Ẹ ń pariwo, à ń sọ pé ẹ ní sùúrù. Sùúrù wo? Ẹni tó wà nípò tí kì í gbọ́ igbe ará ìlú, òun ló ń la ọ̀nà fún Gúdúmà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó bá ń há, àtúnṣe la fi ń ṣe é. A kì í yọ ọ́ sọ nù, ká wá sùn sílé tí kò nílẹ̀kùn."

Fẹ́yìsayọ̀ sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Ọkọ rẹ gbọ́n. Ẹ má fi káàdì yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ti kó tiwọn fún un, kí wọ́n kóra jọ lọ sí ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò lọ fẹjọ́ sùn, kí ọlọ́pàá náà gbọ́. Kí wọ́n má dá lọ o. Ẹni tó bá dá wà ni wọ́n ń ju kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn. Kí o sì sọ fún wọn pé ìkọ̀kọ̀ ni ìbò. Ìwọ àti Ẹlẹ́dàá rẹ nìkan lẹ mọ ibi tí o tẹ̀ka sí." Ó wò ó. "Ṣùgbọ́n kí o tó dé ibikíbi, ẹnì kan wà tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí."

Kò dárúkọ ẹni náà. Fẹ́yìsayọ̀ ti dìde.

Alhája Mojọlá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ wọlé tó sì kúnlẹ̀.

"Alhája, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì yín, mo rí i. Mo ṣe bí ẹni pé mò ń tún ìró mi ró."

"Mo rí ọ," ni Mojọlá wí. "Ìró rẹ ò tú."

Fẹ́yìsayọ̀ ò lè gbójú sókè. Ẹ̀rọ ìránṣọ Alhaji Hámzàt tó ń ró nínú yàrá dákẹ́.

"Má bá a wí mọ́," ni Alhaji wí láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ ará ìlú lọ sí Bauchi ńkọ́? Wallahi, ojú ń tì mí."

Mojọlá da ẹ̀wà sínú abọ́. Ó na ọwọ́ sí Fẹ́yìsayọ̀. "Dìde. Kí la fẹ́ ṣe?"

Àwọn méjèèjì jọ wọ ilé dé ilé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn kan ní àwọn ò fẹ́ wàhálà. Mama Kaneng ní, "To, mo ti ń retí yín."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà tò bí ó ṣe ń tò. Mojọlá fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síbi tó tọ́ sí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé e, ó lọ gbé e sẹ́yìn pátápátá. Gúdúmà ń wò láti inú jíìpù.

Fẹ́yìsayọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì gbé e sẹ́yìn ti Mojọlá.

Mama Kaneng ló wà níwájú gan-an, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó lọ gbé e sẹ́yìn ti Fẹ́yìsayọ̀. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé e. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn lánàá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì gbé tiwọn. Kò pẹ́ tí ìdí ẹ̀rọ fi ṣófo. Ìlà ti yíjú padà, ó kọ ẹ̀yìn sí Gúdúmà, kẹ́ẹ̀gì Mojọlá ló sì ṣíwájú.

"Kí lẹ ń ṣe?" Gúdúmà ti bọ́ sílẹ̀. "Ibí ni omi wà! Ẹni àkọ́kọ́, bọ́ síbí!"

"Alhája Mojọlá ni ẹni àkọ́kọ́," ni Fẹ́yìsayọ̀ dáhùn. "Ibikíbi tí ẹ bá ju kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ la máa tò sí."

"Ẹ nà wọ́n!"

Ọ̀dọ́kùnrin tó mú pàṣán wo ìlà náà. Ìyá tó bí i wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì. Ó sọ pàṣán kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti ń jáde, Timothy àti Alhaji Hámzàt ló ṣáájú wọn. Fóònù tó ti ń ya Gúdúmà ní fídíò tẹ́lẹ̀ tún ti ń yà á báyìí.

Bàbá Rélùwéè fi ọ̀pá rìn dé iwájú rẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́.

"Olúgbóyèga, ọmọ mi, àwọn tó fún ọ ló ń gbà á."

Gúdúmà wo àwọn fóònù náà. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ lu sìmẹ́ǹtì. "Ẹ ṣì máa wá bẹ̀ mí!" ló wí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

A ò ní tàn yín jẹ pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò dá káàdì tó gbà padà. Àwọn tó ni ín ti jọ lọ fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá gba díẹ̀ padà, àwọn kan ò sì tíì rí tiwọn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Pósítà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ní àwọn àdúgbò mìíràn, wọ́n ṣì ń kígbe Gúdúmà, Gúdúmà, nítorí pé ó wù wọ́n kí ẹnì kan ṣáà gbọ́ tiwọn. Ọkàn wa ò tíì balẹ̀ rárá.

Àgádágodo ti padà di mẹ́ta. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní igbákejì, ẹni tó bá sì ń pẹ́, ìpàdé á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Igbákejì Alhaji Hámzàt ni Fẹ́yìsayọ̀. Láìpẹ́ yìí ni òun náà pẹ́ dé. Ohun tí àwọn obìnrin yẹn fi ojú rẹ̀ rí kò ṣeé fẹnu sọ! Akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá bá wọn bú u. Ó ń tọrọ gáfárà, ó ń ṣí àgádágodo. Inú wa dùn gan-an. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ sì lè bú, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bínú. Bí omi ò bá yọ, bí iná ò bá tàn, bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá sá pamọ́, ẹ lọ síbi tó wà, ẹ bi í léèrè, ẹ sì yọ ọ́ nípò pẹ̀lú ìbò yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí ìbínú fa ara yín lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹni tó ní kí ẹ má bi òun léèrè, òun gan-an ni kí ẹ bi jù. Ẹ má fi káàdì ìdìbò yín fún ẹnikẹ́ni, ì báà fún yín lómi, ì báà fún yín lóúnjẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń fìyà jẹ aládùúgbò yín tí ẹ rò pé kò kàn yín, ẹ fi ìró yín sílẹ̀, kò tú. Ẹ lọ tò sẹ́yìn rẹ̀.

Bí olóṣèlú kan bá tún wá sí àdúgbò yín lọ́la, tó kígbe, tó fọ́ nǹkan kan lójú yín, tí ara yín sì yá gágá, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dìde kó bi í pé: bí kò bá wá tẹ́ wa lọ́rùn mọ́, báwo ni a ó ṣe gba kọ́kọ́rọ́ wa padà? Bó bá dáhùn, ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ dáadáa. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i.